Ẹ Kú Àná

Bí ọkọ mi bá ti ṣí agolo páálíìṣì bàtà láàárọ̀, mo máa ń jáde kúrò nínú òórùn rẹ̀.

Òórùn yẹn ló gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Kabba lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọkùnrin kan wọlé láti Mopa, ó gbé àpò iṣu kọ́ èjìká, bàtà ṣọ́jà ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán. Òun àti bàbá mi jọ ja ogun Láìbéríà ni. Ó nàró ṣánṣán, ó kí bàbá mi bí ṣọ́jà ṣe ń kí ọ̀gá.

“Okun o, Sájẹ́ǹtì. Ẹ kú àná.”

Mo ní, “Ẹ ò wá lánàá, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àná tòun ni ọjọ́ tí bàbá mi pọn òun bí ọmọ, tó sá jáde lábẹ́ ìbọn.

“Mo ti ní kí o má kí mi mọ́,” ni bàbá mi wí. Ó ta àpò náà nípàá, iṣu fọ́n ká ilẹ̀. “Gbé e, kí o máa lọ.”

Ọkùnrin náà rọra ṣa iṣu rẹ̀, ó tún kí i bí ṣọ́jà, ó lọ.

Mo fojú ìkà wo bàbá mi. Ó dúró níwájú fọ́tò ṣọ́jà kékeré kan lára ògiri, ó ní, “Má bínú àná.” Inú túbọ̀ bí mi: àlejò wà nínú oòrùn, fọ́tò ló ń bẹ̀.

Ọjọ́ tí a sin bàbá mi ni mo gbọ́ pé àwọn méjì ni ìbọn bà lọ́jọ́ ogun náà, ẹnì kan ló lè pọ̀n, àbúrò rẹ̀ tó wà nínú fọ́tò náà sì ni ẹnì kejì.