Àpótí Tí Ìyá Mi Pọ̀n Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin

Bí mo bá ń gba Ìbafò lọ sí Mówè lónìí, tí mo ń rí ilé tó so mọ́ ilé, mo máa ń wojú fèrèsé bóyá n ó dá ibi tí oko bàbá mi wà mọ̀. N kì í dá a mọ̀. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn níbẹ̀ láyé ọjọ́un, nígbà tí mo wà ní yunifásítì l'Ékòó. Ìfọ̀ ni ilé wa gan-an wà, ó sún mọ́ ojú irin débi pé bí ọkọ̀ bá ń kọjá, àwo ìyá mi á máa gbọ̀n lórí pẹpẹ.

Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mo ń kọ́. Lọ́dún kan, olùkọ́ wa sọ pé àwọn ẹnjiníà àti dókítà láti ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fẹ́ ṣe ìpàdé ní Ìbàdàn lórí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, wọ́n sì máa gba akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ láyè láti fi iṣẹ́ wọn hàn. Òun ló bá mi tọrọ àyè kan. Iṣẹ́ tèmi ni àpótí tó ń mú ara ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru: pákó fẹ́lẹ́, ìdérí dígí, gílóòbù kan nínú, àti ohun kékeré kan tó ń pa iná bí ooru bá ti ń pọ̀ jù.

Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà ní Ìfọ̀, ló bá mi kan án. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ rárá. Ó fá pákó náà títí tó fi ń dán, ó ní ara ọmọ tuntun kò gbọdọ̀ bá ẹ̀gún pàdé.

Ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán ni mo gbọ́dọ̀ bá lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa pè mí, dígí kò sì lè la kòtò ọ̀nà mọ́tò ìgbà náà já. Bí mi ò bá débẹ̀, ẹlòmíràn ló máa gba àyè mi.

Ìyá mi yọ aṣọ funfun rẹ̀ tó dára jù, ó fi wé àpótí náà, ó ṣẹ́ etí aṣọ wọlé dáadáa. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ. Eruku ò gbọdọ̀ bà lé e." Inú wa dùn débi pé kò sí ẹni tó fojú àlejò wò ó nínú wa. Èmi gbá iwájú mú, àbúrò bàbá mi gbá ẹ̀yìn, à ń rọra rìn nítorí dígí, ìyá mi ń tẹ̀ lé wa.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí wa ní tésàn ṣí fìlà. Àwọn èrò yà sẹ́yìn fún wa. Ọkọ̀ ti dúró sí tésàn, aboyún kan tó wọ̀ ọ́ láti Àgbàdo yọrí lójú fèrèsé.

"Yéè! Ẹ má gbé e gba iwájú mi o! Ẹ ò rí ikùn lára mi ni?"

Bàbá arúgbó kan tó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ sún mọ́ mi. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́hun á fi èyí tó máa dúró rọ́pò."

"Ẹ̀rọ ni, bàbá."

Gáàdì ọkọ̀ dá sí i. "Ẹ̀rọ wo ló ń fi aṣọ funfun bora sùn?"

Mo yára ṣí aṣọ náà kí wọ́n lè rí inú rẹ̀. Ńṣe lọ̀rọ̀ burú sí i, nítorí tìmùtìmù kékeré tí ìyá mi rán wà nínú rẹ̀. Obìnrin kan kígbe pé, "Wọ́n ti tẹ́ ibùsùn fún un!"

Gáàdì ní, "A kì í kó pósí mọ́ èrò. Ẹ wá mọ́tò lọ."

"Pósí kọ́, sà. Ọmọ tó wà láàyè la máa ń tẹ́ sínú rẹ̀."

"Ọmọ alààyè nínú àpótí! Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní yunifásítì!" Ó ti na ọwọ́ sí àsíá tó máa ń jù kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó fa aṣọ funfun náà kúrò, ó jù ú sí àbúrò bàbá mi, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ gbé e kọ́ mi lẹ́yìn." A gbé e kọ́ ọ. Ó fi gèlè gbà á, ó so ó níwájú, ó nàró, ó sì ń mi ìdí bí ẹni tó ń rẹ ọmọ.

"Gáàdì, ṣé wọ́n ń pọn òkú níbi tẹ́ ẹ ti wá?"

Aboyún yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Gáàdì náà kò lè mú un mọ́ra. "Ìyá oníyẹ̀yẹ́, ó dáa, ẹ gbé ọmọ yín wọlé. Àmọ́ ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o! Tẹ́ ẹ bá sọ̀ ọ́ lójú àwọn èrò yìí, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn dé Ìbàdàn ni."

Bí ìyá mi tí kò gbèrò àtilọ síbì kankan ṣe bá mi lọ nìyẹn, láìmú ìpààrọ̀ aṣọ, orí rẹ̀ lásán. Nígbà tí a kọjá Abẹ́òkúta, aboyún náà wá dúró tì wá. Ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ oṣù méje lè yè níbẹ̀?" Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ooru, gílóòbù, atẹ́gùn, títí kan ìpàdé àwọn dókítà. Ó fọwọ́ kan pákó náà lẹ́yìn ìyá mi. "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí ni kẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún wọn lọ́la."

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì sọ ọ́, ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti gbàgbé ìbéèrè tí wọ́n bi mí. Ohun tí n kò gbàgbé ni pé nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́, ìyá mi, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo sọ, dìde láti ìjókòó ẹ̀yìn, ó bọ́ sí àárín gbọ̀ngàn, ó sì kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn pé wọ́n ṣeun tí wọ́n gba ọmọ òun. Olùkọ́ mi sáré dìde, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ dìde, Mà." Àwọn dókítà tó wá láti ilẹ̀ mìíràn kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà dìde, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo gbọ̀ngàn fi wà lórí ìdúró.