Ààrò Oníná Ilé Kejì

Ọdún tí mo gba oyè kejì ní yunifásítì ni aládùúgbò mi, Àlàájì, ra ààrò oníná. A jọ ń gbé agboolé kan ní Kamazou nílẹ̀ Hausa, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ọmọ Ìlọrin ni, àlùbọ́sà ló ń tà ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television, ìwé mẹ́fà ló kà. Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti bá wọn jẹ búrẹ́dì gbígbóná ni kò ti rí ìwé-ẹ̀rí mi lára ògiri mọ́. Ó ní:

"Dádì, ẹ ò rí kíṣìnnì Àlàájì! Wáyà ààrò yẹn tó ìka mi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́tọ̀, bíréékà rẹ̀ lọ́tọ̀. Ọkùnrin yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé."

Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tó di Sátidé, mo gbé ààrò tèmi wálé, ó sì tóbi ju tiẹ̀. Àlàájì yọjú lójú fèrèsé.

"Ọ̀gá tíṣà, ẹ kú ìnáwó o! Ṣé kí n pe oníná mi láti Mando kó wá bá yín fa wáyà?"

"Ẹ má ṣèyọnu. Mo kàwé."

Ìmọ̀ ìṣèlú ni mo kà.

Mo ra ẹkiténṣọ̀n oníhò mẹ́fà kan, tí iná pupa àti búlúù ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ bíi mọ́tò gómìnà. Fíríìjì, kẹ́tùlù, ẹ̀rọ ìlọta, ààrò: mo ki gbogbo wọn bọ̀ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni iná dé, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí a ò ti rí i. Ní agboolé wa, bí iná bá dé, gbogbo nǹkan là ń tàn pọ̀ kí wọ́n tó mú un lọ. Èmi náà tan tèmi. Ìyàwó mi ti po kéèkì, ó ti dà á sí páànù. Kò pẹ́ tí òórùn ike tó ń jó fi gba ilé.

"Dádì, ẹ pa á! Ẹ pa á lára mítà!"

Kí n tó sáré débẹ̀, ìdí wáyà ààrò ti yọ́ mọ́ inú ihò ẹkiténṣọ̀n. Ìyàwó mi wo èéfín, ó wò mí, ó gbé páànù rẹ̀, ó di ilé Àlàájì. Mo jókòó, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Kéèkì tèmi ń ta sánsán láti inú ààrò ẹlòmíì.

Ni mo bá lọ bẹ Àlàájì pé kó bá mi pe oníná rẹ̀. Hausa ni oníná náà, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ààrò, ó mi orí. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Máláàmù, jẹ́ kí wáyà tèmi nípọn ju ti Àlàájì."

"Haba, ọ̀gá! Iná tí ààrò ń fà là ń wò, a kì í wo aládùúgbò."

Ó fa wáyà tààrà láti ara bíréékà tuntun dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan tó jìnnà sí omi. Ó ní ààrò nìkan ló ni ín. Ó ní fóònù ni kí n máa fi ẹkiténṣọ̀n ṣáájì, kì í ṣe ohun tó ń gbóná.

Nígbà tí iná tún dé, kéèkì jáde nínú ààrò mi, ó wú, ó pọ́n. Ìyàwó mi gé ibi tó dára jù sínú àwo tí a kì í gbé fún àlejò lásán. Mo nawọ́.

"Ẹ dúró ná, Dádì. Ti Àlàájì nìyẹn. Ṣebí òun ló bá wa wá oníná."

Mo bá mú ṣíbí, mo ń ha ìdí páànù.