Ọ̀ta Abẹ́ Àtíbàbà

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Yínúsà fọkanáísà ní Ibafo lọ́dún 2006, ẹ ó bá pátákó ṣẹ́ẹ̀sì lórí táyà àlòkù lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀. Ọ̀ta ni wọ́n ń pe Yínúsà níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀: á tètè yọ ayaba síta, á fi bíṣọ́ọ̀bù tì í lẹ́yìn, kó tó ta ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ọba ẹni ẹlẹ́ni ti kú. Bó ṣe ń ta náà ló ń bú ẹni tó ń bá a ta, torí eré tí kò sí èébú ńbẹ̀, eré wo nìyẹn?

Sùwéébátù ìyàwó ẹ̀ kì í yà síbẹ̀ rárá. Á ní, "Bàbá Lateefah, igi lẹ jókòó tì látàárọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun Yínúsà. Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ ṣe ìdíje ní ilé ìwé kan ní Mowe, ó bẹ obìnrin náà títí ó fi ti ìsọ̀ tẹ̀lé e. Ó fẹ́ kó rí i pé òun náà mọ nǹkan kan láyé.

Bàbá Ògúnkànmí, arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì nídìí rélùwéè ní Ifo, ni wọ́n ní kó bá a ta. Yínúsà yọ ayaba. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun? Òpè kì í pẹ́ lọ́dọ̀ mi o."

Adájọ́ ìdíje náà ní, "Ọ̀gá, a kì í sọ̀rọ̀ níbí."

Bàbá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ti ọmọ ogun kan síwájú, ayaba sá. Ó mú ẹṣin jáde, ayaba tún sá. Yínúsà gbé e kalẹ̀, ó yọwọ́, àfìgbà tó rí i pé ẹnu ẹṣin kejì Bàbá ló gbé e sí. Ló bá gbé e padà wéré, bí wọ́n ṣe ń ṣe lábẹ́ àtíbàbà.

"Ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ gbé e sí," adájọ́ wí. "Ọwọ́ tó bá ti kúrò, ó kúrò nìyẹn."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Yínúsà ò lè wo ibi tí ìyàwó ẹ̀ wà. Bàbá pa ayaba, ó ní, "Fara balẹ̀, ọmọ mi." Ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi sọ ọ́ yẹn gan-an ló ta á lára. Kò pẹ́ sí i, ọba Yínúsà náà kú.

Nígbà tí wọ́n dé Ibafo, àwọn ara abẹ́ àtíbàbà pariwo, "Ọ̀ta, báwo ló ṣe lọ?"

Sùwéébátù ló dáhùn: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi ná. Eré yẹn le ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ."

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Yínúsà gba báàgì lọ́wọ́ ẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kó má baà kọjá níwájú pátákó.