Ẹja Irin Bàbá Oníwọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlárá Rẹ́mọ níbí, èmi nìkan ni ọmọbìnrin tó ń fi ìwọ̀ pẹja. Àwọn obìnrin ilé wa máa ń fi agbọ̀n gbọ́n ẹja nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí ọmọbìnrin gbé ọ̀pá oparun kọ́ èjìká, kó máa lọ sódò, wọ́n ní ìyá mi ló bà mí jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tí ẹ rò pé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ni wọ́n bí mi, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Mo ti kọ́ yín ní ìṣirò, mo ti kọ́ yín ní katikísìmù, èyí ni n kò tíì sọ fún yín, ó sì ní ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ kí ọjọ́ Sátidé tó pé.

Ẹni tó kọ́ mi ní ẹja pípa ni bàbá kan tí ilé rẹ̀ àti tiwa fara kan ara. Bàbá Oníwọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wà ní Èkó, òun nìkan ló kù sílé pẹ̀lú adìyẹ mẹ́ta. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ó ṣe kúùkù fún òyìnbó kan ní Ìbàdàn, òyìnbó tó jẹ́ pé bí Sátidé bá ti mọ́, etí omi ló ń gbà lọ. Bàbá ló máa ń gbé àpótí ìwọ̀ tẹ̀lé e, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là sí iṣẹ́ náà. Èdè Rẹ́mọ ògidì ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, èyí tí ẹ̀yin kò ní gbọ́ délẹ̀, nítorí náà n ó máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín bí mo ṣe ń lọ.

Ẹ má rò pé kéèyàn ṣáà ju ìwọ̀ sómi kó máa hanrun ni. Ọ̀tọ̀ ni ìjẹ ẹpìyà, ọ̀tọ̀ ni ti àrọ̀. Ekòló kékeré ni ẹpìyà ń fẹ́, a ó sì fi ara ekòló bo ẹnu ìwọ̀ pátápátá, nítorí ẹpìyà a máa tọ́ oúnjẹ wò bí ìyá ọkọ tó ń tọ́ ọbẹ̀ ìyàwó wò. Àrọ̀ ní tirẹ̀ kì í ṣàṣàyàn, ìfun adìyẹ tó ti ń rùn ni à ń fún un, pẹ̀lú òjé tó máa fà á dé inú ẹrẹ̀. Bàbá kọ́ mi láti máa rìn jẹ́jẹ́ létí odò, nítorí ẹja ń fi ara gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni, ó sì kọ́ mi pé òjìji mi kò gbọdọ̀ ṣáájú mi dé ojú omi. Bí mo bá ń wí wótowòto jù, a ní, "Rọra o. Ẹja odò yìí gbọ́ Rẹ́mọ."

Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn mi fà sí jù ni ẹja irin. Ọjọ́ tí òyìnbó yẹn ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fún un. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ, ikùn rẹ̀ tẹ̀ bíi ti ṣíbí, ó ń dán bí ṣílè tuntun, wọ́n fi ọ̀dà pupa kán ojú sí i, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sì wà ní ìrù rẹ̀. Kò fẹ́ ekòló, kò fẹ́ ìfun adìyẹ. Bàbá so ó mọ́ okùn ọ̀rá tín-ín-rín, ó wé okùn náà mọ́ agolo wàrà tó ti ṣófo, agolo yìí ló sọ di ẹ̀rọ. Ọwọ́ òsì ló fi ń di agolo mú kí ìdí rẹ̀ kọ sí odò, á fi ọwọ́ ọ̀tún fi ẹja irin yí lókè lẹ́ẹ̀mejì, á jù ú, okùn á sì máa tú tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà náà ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wé e lẹ́ẹ̀mejì, dúró, jẹ́ kó máa rì. Wé e lẹ́ẹ̀kan, já a díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ máa rìn bí ẹja tí ara rẹ̀ kò yá, nítorí ẹja ńlá kì í da ara rẹ̀ láàmú lé èyí tí ara rẹ̀ le. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ju òkúta tí a so mọ́ okùn sínú igbá tó léfòó, kí Bàbá tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹja irin.

Ẹja kan wà nínú odò wa nígbà náà tí orí rẹ̀ rí bí orí ejò, tí ara rẹ̀ sì dúdú. Àwọn kan kì í jẹ ẹ́ nítorí orí yẹn, àwa ń jẹ ẹ́. Òun ni ẹja irin wà fún. Nígbà òjò ó máa ń bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ á kóra jọ sójú omi, wọ́n á pupa rẹ́súrẹ́sú, bí ìrẹsì Ọ̀fàdà tí ẹnì kan dà sómi. Ìyá àti bàbá wọn á máa lúwẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀ wọn, wọn kò ní lọ jìnnà. Ohunkóhun tó bá já bọ́ sáàárín àwọn ọmọ yẹn, kíá ni wọ́n ń bù ú ṣán. Kò sí ọmọdé tí kò lè pa á lásìkò náà, ìdí sì nìyẹn tí Bàbá fi kọ̀ ọ́. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, orí pẹpẹ ló ń gbé agolo sí, títí òjò á fi dá. Ó ní, "Kì í ṣe ebi ló ń pa á, ọmọ rẹ̀ ló ń gbèjà. Ẹni tó bá fi ìyẹn mú un kò mọ ẹja pa, olè ni." Ó ní bí òbí bá ti lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹja yòókù á ti gbé àwọn ọmọ náà mì.

Mo gbọ́ ọ. N kò lè sọ pé n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹpìyà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni agbára mi mọ, mo sì ti rí ìrẹsì pupa yẹn níbi tí odò ti yí kọ́rọ́ nísàlẹ̀ oko obì bàbá mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo ní inú ń run mí. Gbogbo ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Oníwọ̀ náà lọ, nítorí ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kì í pẹ́ ẹ́ dé ni. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Èmi gun àpótí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ju ẹja irin sáàárín ìrẹsì pupa yẹn. N kò tíì wé agolo rárá tí omi fi bẹ́, okùn sì fà mí títí mo fi wọ omi dé orúnkún. Ó gé mi lọ́wọ́, àpá rẹ̀ nìyí tí ẹ máa ń bi mí léèrè. Mo rí orí ẹja náà lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ là, ẹja irin ń dán ní igun ẹnu rẹ̀. Ó wọ abẹ́ gbòǹgbò igi kan, okùn já. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́, mo ń wo àwọn ọmọ tó wà lójú omi, wọ́n ń yí kiri lójú kan náà. Nígbà tí mo padà lọ wò wọ́n lọ́jọ́ kejì, kò ku ẹyọ kan.

Ká ní mo jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, ẹgba díẹ̀ ni n bá jẹ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n mi ti pọ̀ ju ọjọ́ orí mi lọ. Okùn tó já máa ń rí wúruwùru lẹ́nu. Mo fi abẹ gé e kí ẹnu rẹ̀ lè gún, mo wé e padà sára agolo, mo gbé agolo sórí pẹpẹ. Ẹni tó bá rí i á rò pé ẹni tó ni ín ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹja irin kúrò. Bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Bàbá wá a. Ó tú àpótí aṣọ, ó gbé ibùsùn, ó wo abẹ́ adìyẹ tó ń sàba. Ó bi mí, mo ní n kò rí i, ó gbà mí gbọ́, kò bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé ẹnì kan wọlé òun, ẹni náà fi agolo sílẹ̀, ó fi okùn sílẹ̀, ẹja irin nìkan ló mú. Àwọn èèyàn á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," wọ́n á sì wo ara wọn. Ó ti gbàgbé iṣu sórí iná rí. Ó ti fi orúkọ àlùfáà tó ti kú pe àlùfáà tó wà láyé. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu kànga. Ìròyìn dé Èkó.

Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá. Ẹ má ṣe rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn bàbá wọn, ẹ̀rù iná ló ń bà wọ́n. Wọ́n ní Bàbá kò lè dá gbé mọ́. Bàbá ní orí òun pé, ó ní ẹja irin kò fẹsẹ̀ rìn lọ, ó ní kí wọ́n pe èmi ọmọ ilé kejì wá, pé èmi ni ẹlẹ́rìí òun. Bí mo ṣe dé ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fún mi ní bisikíìtì, ó ní, "Ìwọ lo máa ń wà lọ́dọ̀ wọn jù. Ṣé wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan?" Bàbá ń wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní rárá, wọ́n á ní ta ló wá mú ẹja irin. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n máa ń gbàgbé."

Ọkùnrin wo obìnrin, obìnrin wo ọkùnrin. Bí wọ́n ṣe wo ara wọn yẹn kò kúrò lójú mi di òní. Bàbá kò bínú. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, ó wá ní, "Tí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yẹn kì í purọ́ fún mi."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n mú un lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó sì na agolo sí mi láti ojú fèrèsé, pẹ̀lú okùn lára rẹ̀. Ó ní, "Bá mi tọ́jú rẹ̀. Ibi tí mo gbàgbé ẹja irin sí, á padà yọ. Kí o so ó mọ́ ọn." Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: ibi tí òun gbàgbé rẹ̀ sí. Mo ti jẹ́ kí ó gbà pé orí òun ló dàrú. Ilé alájà mẹ́ta ni wọ́n gbé e lọ ní Èkó, níbi tí kò ti sí omi kan tó lè fojú rí. Òjò ọdún kejì kò bá a láyé. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, mo bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kọrin, n kò sọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ ní kíláàsì, Ọlọ́run á dárí jì mí. Ibi gbogbo tí wọ́n gbé mi lọ kọ́ni, Ìkẹ́nnẹ́ ni o, Ṣágámù ni o, agolo yẹn ń bá mi lọ, orí kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń wà, n kò sì so nǹkan kan mọ́ ọn.

Ayé wá yí padà. Àwọn tó ń wa yanrìn ti sọ odò wa di kòtò, ọ̀rá omi mímu ló kún ibi tí odò ti yí kọ́rọ́. Inú yìnyín ni ẹ̀yin ti mọ ẹja, àbí inú adágún tí àrọ̀ ti ń jẹ oúnjẹ ọlọ́rà bí àwọn ọmọ ilé ìwé tó lówó. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lẹ fi àwọn òyìnbó hàn mí lórí fóònù, àwọn tó ń fi ekòló onírọ́bà aláwọ̀ osàn àti aláwọ̀ ewé pẹja, tí wọ́n á fi ẹnu ko ẹja lẹ́nu, tí wọ́n á sì dá a padà sómi. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kí ni ti ẹ̀rọ olówó gọbọi yẹn, pé mo ní tèmi lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ kẹta, mo na ọwọ́ síbẹ̀, agolo kò sí.

Mo sọ fún ìyá yín. Ó ní, "Agolo wo, Màmá? Agolo wàrà? Láti ìgbà wo?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò, àbúrò wo ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rántí pé mo fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà Kérésìmesì, pé mo fi gáàsì sílẹ̀ láìpa. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá bá mi sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ pé wọ́n ti kun yàrá kan lọ́dà dè mí ní Èkó.

Ó lè jẹ́ èmi ni mo gbé e sí ibòmíràn. Mo ti wo abẹ́ ibùsùn, mo ti wo inú fíríìjì pàápàá, mo ń sọ ọ́ fún yín kí ẹ lè mọ bó ṣe rí. Òru àná mo jókòó, mo ń bi ara mi bóyá agolo náà tilẹ̀ wà rí, tàbí ẹ̀rí ọkàn mi ló gbé e síbẹ̀. Mo wá wo àpá ọwọ́ mi, mo ní rárá. N kò bẹ̀rù Èkó tó bẹ́ẹ̀. Kí n gbà pé orí mi ti lọ nígbà tí kò tíì lọ, bí mo ṣe mú kí ẹlòmíràn gbà, ìyẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Nítorí náà, bí ẹnì kan nínú yín bá mọ ibi tí agolo náà wà, kó wá sọ fún mi. N kò ní nà án, n kò ní bínú, ọmọdé ni mí náà rí. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá gbà á láti sọ, kó gbé e padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí Sátidé tó pé, n kò ní ti ilẹ̀kùn yàrá mi. Bí okùn rẹ̀ bá sì ti já, ẹ jọ̀ọ́, kó má ṣe gé e.