Asẹ́ Èéfín àti Ìjókòó Àrán

"Fọlákẹ́, yọ nǹkan yẹn kúrò lábẹ́ mọ́tò." Bí ọ̀gá àgbà ṣe kí mi káàárọ̀ nìyẹn, ní ilé-iṣẹ́ kékeré wa ní Ogudu, níbi tí a ti ń to ẹ̀yà mọ́tò tó ń ti òkè òkun wá pọ̀ di bọ́ọ̀sì.

Kátálíìsì ló ń wí, àpótí irin kan tó máa ń wà lójú ọ̀nà páìpù sàlẹ́ńsà. Asẹ́ èéfín la máa ń pè é, nítorí òun ló ń mú oró inú èéfín rọlẹ̀ kó tó jáde síta. Èmi ni ẹnjiníà tó ń bójú tó o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ́kun fífi òjé sí bẹntiróò nígbà náà, òjé tó máa ń ba irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́, inú mi sì ń dùn pé àkókò iṣẹ́ mi ti tó. Ṣùgbọ́n asẹ́ náà wọ́n bí ojú.

"Àwọn mọ́tò tòkunbọ̀ ti fẹ́ lé wa kúrò lọ́jà," ọ̀gá ní. "Àwọn tó ń ra bọ́ọ̀sì wa gan-an ń gé asẹ́ yẹn dànù. Mẹkáníìkì wọn ní ó ń fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi di Friday. Màá wá ibòmíì tá a ti lè gé owó."

Mo sì rí i. Aṣọ àrán la fi ń bo ìjókòó bọ́ọ̀sì wa, tí àwọn obìnrin ẹ̀ka ìránṣọ ń fi òwú ya òdòdó sí lára. Bí a bá lo lẹ́dà lásán, owó tó bá ṣẹ́kù yóò ra asẹ́. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọ̀gá fi gbà. Mo lọ sílé ní Ikosi tayọ̀tayọ̀.

Aunty Ìyábọ̀ ló jẹ́ olórí ẹ̀ka ìránṣọ. Àwọn ló mú mi wọ ilé-iṣẹ́ náà, inú abọ́ kan náà la sì ti ń jẹun lọ́sàn-án. Mo rò pé àwọn obìnrin ẹ̀ka náà ni yóò rán lẹ́dà ọ̀hún. Èyí tí wọ́n ti rán tán ni ọ̀gá lọ rà, ó sì ti ẹ̀ka wọn pa.

A ní àṣà kan níbẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá parí, gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án ni yóò kó sínú rẹ̀, tí wọn yóò gùn ún dé géètì pẹ̀lú orin àti ẹ̀rín. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì onílẹ́dà àkọ́kọ́ jáde, Aunty Ìyábọ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí géètì náà, báàgì wọn lọ́wọ́.

"Nítorí èéfín, Fọlákẹ́?" wọ́n bi mí. "Ìwọ lo gbé wa fún wọn nítorí èéfín?"



Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń sún fún mi nínú bọ́ọ̀sì mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, tí màá na áńkáṣíìfù funfun sí ẹnu páìpù láti wò ó bóyá yóò dúdú. Èmi nìkan ló ń jẹun. Kò sẹ́ni tó ń jí ẹran mi mọ́, bẹ́ẹ̀ Aunty Ìyábọ̀ kì í fi ẹran mi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀! Ó dùn mí gan-an, ọdún púpọ̀ ló sì fi dùn mí.

Nígbà tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mo wá Aunty Ìyábọ̀ lọ sí Ketu. Ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí ibùdókọ̀, sùtánà funfun tí wọ́n ń rán fún àwọn ọmọ ìjọ sì wà ní fífi kọ́ síta.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà."

"Ìwọ nìyẹn." Wọn ò dìde nídìí máṣíìnì. Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọ̀kan nínú bọ́ọ̀sì wa tó dúró níwájú. "Èyí tí wọn ò bá tíì gé nǹkan abẹ́ ẹ̀, kì í ba aṣọ mi jẹ́. Mo máa ń dá a mọ̀."

Mo fẹ́ dúpẹ́.

"Ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀ ò dáa rárá," ni wọ́n fi kún un, wọ́n sì fi eyín já òwú.

Lẹ́yìn náà ni tòkunbọ̀ kan dé tòun ti èéfín dúdú. Mo sáré bọ́ síta, mo kó àwọn sùtánà wọlé, wọ́n kún apá mi.

"Kó wọn sórí àga yẹn," Aunty Ìyábọ̀ ní.

Mo kó wọn síbẹ̀. Kò sí àga mìíràn nínú ṣọ́ọ̀bù náà tí mo lè jókòó sí.