Orúkọ Tí N Kò Pè fún Ọdún Mẹ́rìnlélógójì

Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi sọ pé òun fẹ́ lọ gun àpáta ní Cortina, ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin mi, kò béèrè bí àpáta náà ṣe ga tó. Ohun tó béèrè ni pé, "Àgbàlagbà wo ló máa bá yín lọ?" Mo jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná wa ní Arcella, ní ìlú Pádúà, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kó tó dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Bàbá Torino ni. Wọ́n ní pulmino, bọ́ọ̀sì kékeré tó máa gbé gbogbo yín, díkónì sì ni wọ́n. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀."

Mo ń ṣa ẹ̀wà mi lọ. Nínú ilé yẹn, n kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí wọ́n bá bi mí. Wọ́n mú mi wá sí Ítálì láti wá tọ́jú ọmọ, kì í ṣe láti wá dá sí ọ̀rọ̀. Ọmọ náà ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, kò nílò ìtọ́jú mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí sọ fún mi pé iṣẹ́ mi ti parí.

Ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè ni Cortina. Àwọn olówó ló ń lọ síbẹ̀ nígbà yìnyín. Nígbà ooru, àwọn tó ń so okùn mọ́ ìbàdí ló ń kún ibẹ̀. Ilé ìwé ni ọmọ yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ògiri, láti ìgbà náà ni kò sì ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ó lẹ máàpù agbègbè náà mọ́ ara ògiri iyàrá tí àwa méjèèjì jọ ń sùn. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń kà á, nítorí jọ́gíráfì ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ girama nílé. Mo ní kó wo ibi tí àwọn ìlà ti sún mọ́ra: ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti dìde dúró.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ mẹ́rin ló fẹ́ bá a lọ. Wọ́n ti rí amọ̀nà tó máa kó wọn gun òkè, wọ́n ti rí ibi tí wọ́n máa sùn. Ohun tó kù ni ìwé àṣẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì. Amọ̀nà náà kò ní mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún láìjẹ́ pé àgbàlagbà kan bá wọn wá. Àyè orúkọ àgbàlagbà yẹn ṣófo. Bó bá ṣófo di ìparí oṣù kẹfà, kò sí Cortina.

Ọkọ mi ti kú; àbúrò rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Torino. Settimo Torinese, nítòsí ìlú Torino, ló ń gbé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Nígbà tí ọmọbìnrin mi kọ́kọ́ dé Ítálì, ilé rẹ̀ ló wọ̀ sí títí tó fi rí ìwé ìgbélùú gbà. Ọmọbìnrin mi kò gbàgbé oore yẹn. Ẹni tó ṣe oore náà kò sì fún un láyè láti gbàgbé.

Èmi náà kò gbàgbé tèmi. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí mo wọ ilé ọkọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lòun. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sílé kí n tó débẹ̀, nítorí náà ọkọ lòun náà jẹ́ fún mi, n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Gbogbo ìyàwó ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ó fún ọmọ ọkọ ní orúkọ mìíràn tí a ó máa fi kẹ́ ẹ. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, torí bó ṣe máa ń fi báírò há àpò àyà. Wàhálà kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ìjọba gbé mi lọ sí ilé ìwé tí òun gan-an ti ń kàwé ni wàhálà dé, tí kíláàsì rẹ̀ sì bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo ka orúkọ àwọn ọmọ nínú rẹ́jísítà, mo ka tirẹ̀ mọ́ ọn. Kí n tó délé, ó ti lọ rò fún ìyá ọkọ mi pé ìyàwó pe òun lórúkọ lójú gbogbo ayé. Ìyá ọkọ mi ní kí n kúnlẹ̀ fún un. Mo kúnlẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀bà ló ń jẹ lọ́wọ́, ó sì jẹ ẹ́ tán, ó fọ ọwọ́, kó tó ní, "Ìyàwó, dìde."

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ka rẹ́jísítà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá gbé ojú sókè, màá wò ó bóyá ó wà níjòókòó, màá sàmì sí i, màá fò ó. Àwọn ọmọ kíláàsì mọ̀. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Títí ó fi jáde ìwé mẹ́wàá la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù. Mo ní in, n kò rí nǹkan kan gbà nídìí rẹ̀. N kò ní kọ orúkọ náà síbí yìí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀ mọ́.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi pe Akọ̀wé lórí fóònù, ó gbà láti bá wọn lọ. Ó ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ wá sí Torino ní Sátidé, kí òun lè rí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọbìnrin mi ní iṣẹ́ ní Sátidé ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó gbé fóònù fún mi.

"Ìyàwó," ni Akọ̀wé wí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí. "Ìwọ ni kí o mú un wá. O ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń gun ògiri rí, àbí? Wá wòran."

"Ẹ ṣé, Akọ̀wé," ni mo wí.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, ọmọ náà ń so kókó sára okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń tú u, ó tún ń so ó.

"Nonna," ni ó pè mí, bí àwọn ará Ítálì ṣe ń pe ìyá àgbà, "ẹ wò ó. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ yẹ ara wọn wò. Ẹni tó fẹ́ gùn á yẹ ẹni tó ń di okùn mú wò, ẹni tó ń di okùn mú á yẹ òun náà wò. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n bá rí síta."

"Bí ọ̀kan bá ju èkejì lọ ńkọ́?"

"Lọ́jọ́ orí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Nonna, kí ló kan ìyẹn?"

Òórùn ṣọ́ọ̀kì ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ níbi ìgun-ògiri yẹn. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa ọwọ́. Ògiri ibẹ̀ ga tó ilé alájà mẹ́ta. Akọ̀wé ti dúró dè wá, ó wọ ṣòkòtò péńpé tuntun, ó ti de bẹ́líìtì okùn mọ́ abẹ́ ikùn.

"Ìyàwó! O mà ti gbó o!"

"A dúpẹ́, Akọ̀wé."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i. Akọ̀wé ní, "Ìwọ, ṣé okùn yìí á gbé ọ báyìí? Ìyá àgbà rẹ ti fi iyán bà ọ́ jẹ́."

Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ fi bí wọ́n ṣe ń di okùn mú hàn wọ́n. Okùn á gba inú irin kékeré kan ní ìbàdí ẹni tó wà nílẹ̀. Ìkọ́ kan ló so irin náà mọ́ bẹ́líìtì. Ìkọ́ náà ní ẹnu. A gbọ́dọ̀ yí ẹnu rẹ̀ títí yóò fi tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Akọ̀wé ń dá a lóhùn pé "sì, sì," bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni lédè Ítálì, ó ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò. Bí olùkọ́ náà ṣe yíjú sí àwọn mìíràn ni Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. "Ó yá, gùn."

Ọmọ náà kò tíì gùn. Mo rí i tí ojú rẹ̀ lọ sí ìbàdí bàbá náà. Mo rí i tó la ẹnu.

"Kí lò ń wò?" ni Akọ̀wé wí. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Mo ti ń so ẹrù kí wọ́n tó bí ìwọ."

Ọmọ náà pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó wojú mi. Mo mọ ìwò yẹn. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í tọ́ àgbà sọ́nà lójú àwọn èèyàn. Ó kọjú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Mo dìde níbi tí mo jókòó sí, mo sún mọ́ wọn. Ẹnu ìkọ́ náà ṣí sílẹ̀. Bí Akọ̀wé ṣe ń fa okùn ni ìkọ́ ń yí, irin kékeré náà sì ti sún dé etí ẹnu rẹ̀.

"Akọ̀wé," mo wí pẹ̀lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìbàdí yín."

"Ìyàwó, jókòó."

"Akọ̀wé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Mo ní kí o jókòó! Obìnrin yìí, kò síbi tí o ò ní ṣe tíṣà dé."

Ọmọ náà ti ga ju ènìyàn mẹ́ta lórí ara wọn lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wá ibi tí yóò tẹ̀, kò rí i. Nígbà náà ni mo pe orúkọ Akọ̀wé gan-an. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, ní ohùn tí mo fi ń pe ọmọ tó bá wà ní ìjókòó ẹ̀yìn.

"Mà!" ni ó dáhùn.

"Má gbé ọwọ́ kúrò lára okùn. Dì í mú. Má mira."

Kò mira. Mo pariwo pe olùkọ́ náà. Ó sáré dé, ó wo ìkọ́, ó gba okùn mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì rọra sọ ọmọ náà kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú bẹ́líìtì lára Akọ̀wé, ó ní kò ní di okùn ẹnikẹ́ni mú mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló ń wò ó.

Ìta ni Akọ̀wé ti bá mi sọ̀rọ̀. "O pè mí lórúkọ. Lójú àwọn ọmọ kéékèèké."

"Mo pè ọ́."

"Ó dáa. Mi ò lọ sí Cortina mọ́, pulmino mi ò sì lọ. Ó dìgbà tí o bá kúnlẹ̀."

Kí ọkọ̀ ojú irin wa tó gbé wa padà dé Pádúà, Akọ̀wé ti pe ọmọbìnrin mi. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé wa, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò pè wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́?"

"Mo pè é jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Wọ́n ń bọ̀ wá sí ìjọ wa lọ́la. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ kàn kúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ilé wọn ni mo sùn nígbà tí mi ò ní ẹnì kan. Tí wọn ò bá sì lọ, ọmọ yìí ò lè lọ."

Mo wo ọmọ náà. Ó ti gbé àpò rẹ̀ mọ́ra, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé lórí orúnkún mi méjèèjì ni Cortina rẹ̀ wà.

"Bí mo bá kúnlẹ̀," ni mo wí, "òun ló máa di okùn rẹ̀ mú."

"Wọ́n á ṣọ́ra, Màmá."

"L'avevo visto anch'io," ni ọmọ náà wí. Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. Ó tún un sọ ní Yorùbá, ohun tí kì í sábà ṣe. "Èmi náà rí i, kí n tó gùn. Ẹnu ìkọ́ yẹn ò tì."

"O rí i, o sì gùn?" ni ìyá rẹ̀ wí.

"Wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ wọn."

Ọmọbìnrin mi wá àga, ó jókòó, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká. Mo ti ń dá Akọ̀wé lẹ́bi láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, mo ṣì ń dá a lẹ́bi, n kò sì ní forí jì í nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Akọ̀wé ló kọ́ ọmọ yìí láti pa ẹnu dé.

Mo já ìwé náà kúrò lára fìríìjì. Mo wọ awò mi, mo kọ orúkọ mi sí àyè àgbàlagbà, ní ọwọ́ ìkọ̀wé tí mo fi ń kọ rẹ́jísítà.

"Màmá, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Wọn ò ní kí n gùn. Wọ́n ní kí n wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀ láti Pádúà."

"Kí wá ni kí n sọ fún wọn lọ́la?"

"Sọ pé mo kí wọn."

Ó mú báírò, ó pẹ́ kó tó fọwọ́ sí àyè òbí.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì, tí Akọ̀wé ti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìwò mí, mo ní kí ọmọ náà gbé bẹ́líìtì rẹ̀ wá sí ilé ìdáná. Mo dè é mọ́ ìbàdí ara mi, mo fi irin àti ìkọ́ sí i, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹnu ìkọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí.

"Yẹ̀ mí wò."

"Nonna, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu ìkọ́ yín..."

"Mi ò gbọ́. Mò ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀."

"Nonna!"

"Tí o bá pe Nonna, gbogbo ìyá àgbà tó wà ní Cortina ló máa yíjú. Pe orúkọ mi."

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu díẹ̀, ó pè é bí ẹni tó ń jí nǹkan.

"Sókè."

Ó tún un pè. Ìyá rẹ̀ jáde láti iyàrá, ó wá wo ẹni tó ń pe ìyá òun lórúkọ.

"Má wò ó," ni mo wí. "Èmi ni kí o wò. Pè é."

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó pè é débi pé àwọn tó ń gbé lókè wa jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí wa. Mo jẹ́ ìpè rẹ̀, mo sì yí ẹnu ìkọ́ náà títí ó fi tì.