Ìyá Bọ́lá bi rédíò ní ìbéèrè

Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá mi lónìí!

Wọ́n ń ka èsì ìbò lọ́wọ́ nígbà tí bátìrì rédíò onígbàjámọ̀ kú ní Alékúwodò.
Mo sá sẹ́yìn fèrèsé, mo fi ohùn akàròyìn ń kà á lọ.
Àwọn tó ń gbọ́ rédíò rò pé bátìrì ti jí.

Ìyá Bọ́lá bá sún mọ́ rédíò. Bọ́lá ọmọ rẹ̀ lọ ka ìbò ní Ifẹ̀wàrà, kò tíì dé.
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ifẹ̀wàrà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti kà á tán? Ṣé Bọ́lá ti ń bọ̀?"

Mo yọjú.
Ìyá Bọ́lá ní, "Ìwọ ayékòótọ́ yìí!"
Kò nà mí. Ọ̀nà ló ń wò.

Ó wù mí kí rédíò kan wà téèyàn lè bi léèrè nípa ìlú tiẹ̀, kó dáhùn.
Ẹ̀yin ńkọ́, ìlú wo lẹ máa kọ́kọ́ béèrè?